Nítorí Ọmọ Tí A Kò Tíì Bí

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni ìjọba ilẹ̀ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn ọmọdé, láti ẹni oṣù 9 títí dé ẹni ọdún 14, ní abẹ́rẹ́ àjẹsára kan tí ó pa ààbò àrùn méjì pọ̀ sínú ìgò kan ṣoṣo: ti èéyi, tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní ìta, àti ti àrùn kan tí a ń pè ní rùbẹ́là. Ti èéyi kò ṣe àjèjì sí wa. Kò sí àgbà kan láàrin wa tí kò mọ ilé tí ó ti gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá. Ṣùgbọ́n ti rùbẹ́là yìí mú ìbéèrè kan wá tí àwa gbàgbọ́ pé ó tọ́ kí àwọn ọmọ Ìjọ gbé yẹ̀wò pẹ̀lú sùúrù, nítorí pé kì í ṣe ìbéèrè nípa oògùn nìkan. Ìbéèrè nípa ohun tí ènìyàn jẹ ọmọnìkejì rẹ̀ ní gbèsè ni.

Ìbéèrè náà nìyí. Bí rùbẹ́là bá mú ọmọdé, kì í sábà ṣe é ní ibi kan tí ó tó ohun à ń ròyìn. Inú oyún ni ó ti ń ba nǹkan jẹ́. Ìyá tí ó bí ọmọkùnrin lè dìde nígbà náà kí ó sì wí pé: Ọmọ tèmi kì yóò lóyún láéláé, àrùn náà kò sì lè ṣe é ní nǹkan; kí ni ìdí rẹ̀ tí a ó fi mú kí ó sunkún nítorí ọmọ ẹlòmíràn, èyí tí a kò tilẹ̀ tíì bí? A mọ̀ pé àwọn kan yóò fẹ́ fi ìbáwí pa irú ìyá bẹ́ẹ̀ lẹ́nu mọ́. Àwa kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó béèrè báyìí ti ronú jinlẹ̀ ju ẹni tí ó na apá ọmọ rẹ̀ sí nọ́ọ̀sì láìbéèrè ohunkóhun, ó sì yẹ kí a dá a lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń sọ. Rùbẹ́là jọ èéyi lójú, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ara ọmọ yóò gbóná díẹ̀, àwọn kókó kéékèèké yóò wú lẹ́yìn etí àti lọ́rùn, ara rẹ̀ yóò sú fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn náà yóò tún máa sáré kiri. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ń ṣe tí kò sí ẹni tí ó mọ̀, nítorí pé ara wọn kò tilẹ̀ sú rárá. Ikọ́ àti sísín ni ó ń gbé e ká inú afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá mú obìnrin tí oyún rẹ̀ kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ, ó lè gba inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kọjá sára ọmọ inú. Nínú irú oyún 10 bẹ́ẹ̀, ó lè tó 9 tí ìpalára yóò bá. Òmíràn a bàjẹ́, òmíràn a kú sínú. Èyí tí a bá bí láàyè lè jẹ́ adití láti inú ìyá rẹ̀ wá, tàbí kí nǹkan funfun ti bo ẹyinjú rẹ̀, tàbí kí ọkàn rẹ̀ ní àbùkù, tàbí kí ọpọlọ rẹ̀ má lè dàgbà bí ó ti yẹ. Ìyá náà fúnra rẹ̀ lè má rántí ju pé ara òun gbóná díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan báyìí.

Ènìyàn kò mọ èyí títí di ọdún 1941. Oníṣègùn ojú kan ní ìlú Sydney ní ilẹ̀ Australia, Norman Gregg ni orúkọ rẹ̀, rí i pé àwọn ọmọ ọwọ́ tí ojú wọn ti fọ́ láti inú wá ń pọ̀ níwájú òun ju bí ó ti yẹ lọ. A máa ń sọ pé àwọn ìyá tí ó jókòó tí wọ́n ń dúró dè é ni ó gbọ́ tí wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, pé rùbẹ́là mú àwọn nígbà tí oyún ṣì kéré. Ó bi wọ́n léèrè ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn. Ó kọ̀wé sí àwọn oníṣègùn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó kó ìròyìn ọmọ 78 jọ, ó sì rí i pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ìyá wọn ni àrùn náà ti mú ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún, ní àkókò tí ó ń jà ní ilẹ̀ náà ní ọdún 1940. Àwọn oníṣègùn ní ilẹ̀ mìíràn kò tètè gbà á gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín. Ṣáájú ọdún náà, ta ni a ń di ẹ̀bi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rù? Ìyá ni. Ní ilẹ̀ tiwa a ó ní ó rìn ní ọ̀sán gangan, tàbí pé ó jẹ èèwọ̀, tàbí pé àwọn ayé ni ó ṣe é, a ó sì máa mú un ti ilé babaláwo kan dé òmíràn. Àwọn tí ó jẹ́ Krístẹni kò sì sàn jù, nítorí wọ́n a máa wá ẹ̀ṣẹ̀ tí ó dá kiri, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ti ṣe nígbà tí wọ́n rí ọkùnrin tí a bí ní afọ́jú, tí Olúwa sì dá wọn lẹ́kun. Mélòó ni obìnrin tí a ti lé kúrò ní ilé ọkọ nítorí ikọ́ tí ọmọ aládùúgbò kan wú! Ẹ̀bi náà, bí a bá lè pè é ní ẹ̀bi, wà ní àárín ìlú, ìlú sì kó o lé obìnrin kan ṣoṣo lórí.

Ní ọdún 1964 àti 1965 àrùn náà jà ní Amẹ́ríkà. A ṣírò rẹ̀ pé ènìyàn bíi mílíọ̀nù 12 àti ààbọ̀ ni ó mú, ọmọ bíi 20,000 ni a sì bí pẹ̀lú àbùkù tí ó ti ibẹ̀ wá, láìka àwọn oyún tí ó bàjẹ́. Ní ọdún 1969 ni a fi àṣẹ sí abẹ́rẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Nígbà náà ni ìbéèrè ìyá ọmọkùnrin wa dìde níwájú àwọn ìjọba ńláńlá, wọ́n sì dá a lóhùn ní ọ̀nà méjì. Amẹ́ríkà ní kí a fún gbogbo ọmọdé, ọkùnrin àti obìnrin. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀, láti ọdún 1970, yan àwọn ọmọbìnrin ilé-ìwé ẹni ọdún 11 sí 13. Ó fi àwọn ọmọkùnrin sílẹ̀.

Ọ̀nà ti Gẹ̀ẹ́sì yìí gún régé lójú. Ẹni tí ewu wà fún ni kí ó gba ààbò. Kí a má fi ìyà jẹ ọmọkùnrin lásán. Pọ́ọ̀lù pàápàá sọ̀rọ̀ nípa ẹrù tí olúkúlùkù yóò rù fún ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú orí kan náà ni ó ti sọ̀rọ̀ nípa ẹrù tí a ń bá ara ẹni gbé, àwọn tí ó sì fẹ́ràn ẹsẹ kan a máa gbàgbé èkejì. Kí ni ó wá ṣẹlẹ̀? Àwọn ọmọ tí a ń bí ní afọ́jú àti ní adití dínkù, ṣùgbọ́n wọn kò tán. Àrùn náà ń bá a lọ láàrin àwọn ọmọkùnrin àti àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, bí iná tí a fi eérú bò. Ọmọdé yóò gbé e ti ilé-ìwé wálé, yóò sì wúkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ tí ó tún ti lóyún àbúrò. Àwọn obìnrin kan wà tí wọn kò sí ní ilé-ìwé ní ọjọ́ tí a gún àwọn ẹgbẹ́ wọn. Àwọn kan gba abẹ́rẹ́ náà, ara wọn kò sì gbà á. Àwọn kan ti ilẹ̀ mìíràn wá nígbà tí wọ́n ti dàgbà. Ní ọdún 1988 Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yí ètò náà padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fún ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin bákan náà nígbà tí wọ́n ṣì kéré. Ní ọdún 2015 a kéde pé rùbẹ́là kò tún fẹsẹ̀ múlẹ̀ mọ́ ní gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ti àríwá àti ti gúúsù.

Ohun kan sì wà tí ó yẹ kí ìyá tí ó béèrè mọ̀ kí ó tó dájọ́. A kì í fún obìnrin tí ó ti lóyún ní abẹ́rẹ́ yìí, nítorí pé kòkòrò àrùn náà fúnra rẹ̀ ni ó wà nínú rẹ̀, bí a tilẹ̀ ti sọ ọ́ di aláìlágbára. Ní àkókò gan-an tí ó nílò ààbò jù lọ, ọwọ́ rẹ̀ kò lè tó o mọ́. Kò lè rà á, bí ó ti wù kí ó lówó tó. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, èyí tí ewu rẹ̀ pọ̀ jù, òun tìkára rẹ̀ lè má tíì mọ̀ pé òun lóyún. Bí kò bá ti gbà á rí kí oyún tó dé, àwọn tí ó yí i ká nìkan ni ó lè ṣe odi fún un: ọmọ tí ó jókòó tì í nínú ọkọ̀, ọmọ tí a rán wá ra iyọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn tí ó ń kọ́ ní ilé-ìwé bí ó bá jẹ́ olùkọ́, àwọn ọmọ Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi tí ń kọrin níwájú rẹ̀. Apá àwọn ọmọ wọ̀nyí ni ààbò rẹ̀ wà, nínú wọn sì ni ọmọkùnrin tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí.

A mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ pé kí ni à ń fi gbogbo àlàyé yìí ṣe. Abẹ́rẹ́ kan náà ni, ọmọkùnrin náà sá ní láti gba ti èéyi fún ara rẹ̀, ihò tí a dá sí i lára kò di méjì nítorí pé rùbẹ́là wà nínú rẹ̀. Òtítọ́ ni. Bí a bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tètè tán, ibẹ̀ ni à bá dúró sí. Ṣùgbọ́n àrékérekè ni à bá ṣe, nítorí ìbéèrè náà kò kú. Ó sá pamọ́ lásán ni. Bí ó bá di ọ̀la tí a ní láti fún un ní rùbẹ́là nìkan ń kọ́?

Ẹ jẹ́ kí a mú káàdì àjẹsára ọmọ ní ọwọ́, kí a kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ní ọjọ́ tí a bí ọmọ ni ó ń gba ti ikọ́ ife, ti àrùn mẹ́dọ̀wú, àti oògùn rọpárọsẹ̀ tí a ń kán sí i lẹ́nu. Ní ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10 àti ọ̀sẹ̀ 14 ni ó ń padà wá fún àwọn tí ó dojú kọ difitẹ́ríà, ikọ́ àwúbì, tẹ́tánọ̀ọ̀sì, òtútù àyà, ìgbẹ́ gbuuru àti rọpárọsẹ̀. Ní oṣù 9 ni ti èéyi, ti ibà pọ́njú àti ti àrùn lọ́rùnlọ́rùn. Ní oṣù 15 ni ti èéyi lẹ́ẹ̀kejì. Ibi méjèèjì tí èéyi wà yìí ni rùbẹ́là ti wá bá a. Bí a bá wá bèèrè lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan pé ta ni a gbà á fún, ìdáhùn kò rí bákan náà. Tẹ́tánọ̀ọ̀sì dá dúró: inú ilẹ̀ ni ó ń gbé, ẹnikẹ́ni kì í kó o ran ẹlòmíràn, ẹni tí ó gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ gbà á fún ara rẹ̀ nìkan. Rùbẹ́là wà ní ìpẹ̀kun kejì, nítorí ọmọkùnrin tí ó gbà á fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí èrè kankan fún ara tirẹ̀. Àwọn tó kù wà láàrin, ibẹ̀ ni ìdáhùn wa sì wà.

Ikọ́ àwúbì a máa pa ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò sì tíì tó ẹni tí ó ń gba abẹ́rẹ́ rẹ̀. Èéyi lè mú ọmọ oṣù 7, nígbà tí ààbò tí ó bá a wá láti inú ìyá rẹ̀ ti ń tán lára rẹ̀, ṣùgbọ́n oṣù 9 ni a tó ń gún un. Ta ni ó ṣọ́ ọmọkùnrin ìyá yìí ní gbogbo àwọn ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn? Àwọn ọmọ ẹlòmíràn ni, àwọn tí ó ti gba tiwọn ṣáájú rẹ̀, tí àrùn náà kò fi rí ọ̀nà gbà dé ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ níbi tí ó pọ̀n ọ́n sí. Kò mọ̀ wọ́n, kò dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àwọn baba wa ní ẹnìkan ní í bímọ, gbogbo ayé ní í bá a wò ó. A máa ń pa òwe náà nígbà tí a bá fẹ́ kí aládùúgbò bá wa bá ọmọ wí, kò sì sí nínú èrò wa pé ó kan ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́. Ọmọkùnrin náà ti jẹ gbèsè kí ó tó lè jókòó. Nígbà tí a bá wá ní kí ó na apá rẹ̀ nítorí ọmọ tí a kò tíì bí, a kò tọrọ àánú lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí ó ti gbà ni a ní kí ó fi fún ẹni tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹlòmíràn tí ó mọ Ìwé Mímọ́ yóò wí pé: Èyí kò ha ṣe ìmọ̀ràn Káyáfà bí, ẹni tí ó rò ó pé ó ṣàǹfààní kí a fi ẹnìkan dípò ọ̀pọ̀lọpọ̀? Iyàn tí ó lágbára ni, a kò sì ní fò ó dá. Káyáfà gbé gbogbo ẹrù lé orí ẹnìkan, òun kò sì fi ìka kan kàn án. Ṣùgbọ́n níhìn-ín ẹrù kan náà ni a pín fún gbogbo ọmọ, ti ọlọ́rọ̀ àti ti tálákà, ti Bíṣọ́ọ̀bù àti ti onídìí-iṣẹ́, ó sì fúyẹ́: ẹkún ìṣẹ́jú díẹ̀, ara gbígbóná fún ọjọ́ kan tàbí méjì, nígbà mìíràn kí ara sú díẹ̀. Ohun tí ó le jù èyí lọ, bíi kí ara ọmọ kọ abẹ́rẹ́ náà pẹ̀lú agbára, ṣọ̀wọ́n gidigidi, ìdí rẹ̀ sì nìyí tí nọ́ọ̀sì fi máa ń ní kí ìyá jókòó díẹ̀ kí ó tó máa lọ. A kò ní òun kò sí rárá. Ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ ń purọ́. Níwọ̀n bí ó sì ti wà, bí ó bá ṣẹlẹ̀ sí ọmọ kan nígbà tí ó ń ru ẹrù gbogbo wa, gbogbo wa ni ó jẹ ẹ́ ní ìtọ́jú. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe òfin kan sórí èyí láti ọdún 1979, pé kí a san owó fún ẹni tí abẹ́rẹ́ àjẹsára bá sọ di aláàbọ̀ ara. Ó sì wù wá kí gbogbo ìjọba tí ń pe àwọn ìyá jáde máa rántí apá tiwọn nínú májẹ̀mú náà. Ní ti Káyáfà, bí a bá ní láti sọ èrò wa, ètò tí ó di gbogbo ẹrù lé àwọn ọmọbìnrin lórí ni ó súnmọ́ ìmọ̀ràn rẹ̀ jù.

Wọ́n tún ń wí pé ọmọ náà kò fi ẹnu ara rẹ̀ gbà. Àwa tí ń gbé ọmọ ọwọ́ wá síbi omi ìsàmì, tí àwọn onígbọ̀wọ́ ń dáhùn ní orúkọ rẹ̀, kò yẹ kí a jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò fi èyí ṣe ẹjọ́. A kò bi í kí a tó sọ ọ́ lórúkọ, a kò bi í kí a tó kọ́ ọ ní èdè. Ohun tí ó tọ́ kí a bèèrè ni bóyá ojú yóò tì í nígbà tí ó bá dàgbà, tí ó bá gbọ́ ohun tí a ṣe ní orúkọ rẹ̀. Ojú ta ni yóò tì láti gbọ́ pé nígbà tí òun wà ní ọmọ oṣù mẹ́sàn-án, òun wà lára àwọn tí kò jẹ́ kí a bí ọmọ aládùúgbò ní afọ́jú?

Ní ti àwọn tí ó ti dàgbà díẹ̀, ọ̀ràn yàtọ̀. Láti ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni a ti ń fún àwọn ọmọbìnrin ẹni ọdún 9 sí 14 ní ilẹ̀ wa ní abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tí ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Ọmọ ọdún 12 kì í ṣe ọmọ ọwọ́. Ó ti súnmọ́ ọjọ́ orí tí Ìjọ ń pè é sí kíláàsì àwọn tí ń múra láti gba ọwọ́ Bíṣọ́ọ̀bù lé, níbi tí yóò ti fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn ohun tí àwọn onígbọ̀wọ́ ti dáhùn fún un. Ó yẹ kí a sọ fún un ohun tí a ń gún un fún. Àwọn òbí kan ń bẹ̀rù pé ọ̀rọ̀ náà yóò ṣí i lójú sí ohun tí kò tọ́. Àwa rò pé ìdákẹ́jẹ́ ni ó léwu jù, nítorí bí òbí bá dákẹ́, ìta kì í dákẹ́. Ó sì jẹ́ ohun ìyanu díẹ̀ pé ní ibòmíràn, ní Australia láti ọdún 2013 àti ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 2019, a ti ń fún àwọn ọmọkùnrin pẹ̀lú ní abẹ́rẹ́ yìí, fún ara wọn àti fún àwọn tí wọn yóò fẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ìyá wa, nítorí ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò lè fi pa mọ́. Àwọn tí ń kéde abẹ́rẹ́ a máa sọ fún gbogbo ìyá pé fún ire ọmọ yín ni, wọn a sì dákẹ́ síbẹ̀. Ní ti rùbẹ́là àti ọmọkùnrin, ìdajì òtítọ́ ni. Ìyá tí a fi ìdajì òtítọ́ mú wá ní òní yóò rí ìdajì kejì fúnra rẹ̀ ní ọ̀la, kì yóò sì gba ohun tí a bá sọ ní ọ̀tunla gbọ́. Ní ọdún 2003 àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Òkè Ọya dá oògùn rọpárọsẹ̀ dúró nítorí ìfura. Ní Kano ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan, kòkòrò àrùn náà sì ti ibẹ̀ ràn dé ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí ó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, títí dé Indonesia ní ọdún 2005. Ó rọrùn láti bú wọn. Ṣùgbọ́n ní Kano kan náà, ní ọdún 1996, nígbà tí àrùn lọ́rùnlọ́rùn ń jà, ni ilé-iṣẹ́ olóògùn kan láti òkè òkun ti dán oògùn rẹ̀ wò lára àwọn ọmọdé, àwọn òbí sì wí lẹ́yìn náà pé a kò là á yé àwọn. Ìfura náà ní gbòǹgbò. Nígbà tí a gba ilẹ̀ Áfíríkà là lọ́wọ́ rọpárọsẹ̀ ti inú ìgbẹ́, tí a sì kéde rẹ̀ ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020, ẹsẹ̀ àwọn tí ó ń rìn láti ilé dé ilé àti ẹnu àwọn ọba àti àwọn ìmáàmù ni ó ṣe é pẹ̀lú oògùn. Nítorí náà ìmọ̀ràn wa ni pé kí a sọ fún ìyá ọmọkùnrin gbangba pé: Ti èéyi jẹ́ ti ọmọ rẹ, ti rùbẹ́là, ọmọ ẹlòmíràn ni a fẹ́ kí o ṣe é fún. A kò rò pé yóò yí padà kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ìyá ilẹ̀ yìí ti ń fún ọmọ ọlọ́mọ ní ọmú kí abẹ́rẹ́ kankan tó dé.

Ó ku ohun kan tí ó mú kí ọ̀ràn yìí jẹ́ ti kíákíá fún wa, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ kò sì mọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìdajì àwọn ọmọ ìlú ni ó gba abẹ́rẹ́ rùbẹ́là, àrùn náà kì í kú. Ó ń rìn díẹ̀díẹ̀ ni. Ọmọbìnrin tí kò gbà, tí ì bá ti ṣe é ní ọmọ ọdún márùn-ún kí ó sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí ayé, lè má pàdé rẹ̀ títí yóò fi di ẹni ogún ọdún, tí ó ti wà ní ilé ọkọ, tí ó sì ti lóyún. Èyí ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gíríìkì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ náà ní nǹkan bí ọdún 1975, ṣùgbọ́n wọn kò rí i dájú pé àwọn tí ó ń gbà á pọ̀ tó. Ní ọdún 1993 àrùn náà dìde láàrin àwọn tí ó ti tó bímọ, ọmọ 25 ni a sì fi àyẹ̀wò mọ̀ pé a bí pẹ̀lú ìpalára rẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi gba àwọn orílẹ̀-èdè nímọ̀ràn fún ọdún pípẹ́ tẹ́lẹ̀ rí pé kí wọ́n má ṣe bẹ̀rẹ̀ rárá bí wọn kò bá lè fún ọmọ 80 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹ kíyèsí ohun tí èyí ṣe sí ìbéèrè wa. Kí ọdún 2025 tó dé, òbí tí ọmọkùnrin rẹ̀ kò gba abẹ́rẹ́ rùbẹ́là kò fi kún ewu ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó bá fà sẹ́yìn ní ìsinsìnyí wà lára àwọn tí ń sún àrùn náà kúrò lórí ọmọdé tí kò lè ṣe ní nǹkan, lọ sórí obìnrin tí yóò bà nínú jẹ́. Ohun tí a kọ́kọ́ rò pé ẹ̀bùn ni, tí ènìyàn lè fi fúnni tàbí kí ó dì í mú, ti di ọ̀ràn bí a kò ṣe ní pa ọmọnìkejì ẹni lára.

A kò sì gbàgbé pé kì í ṣe ọkàn líle ni ó ń mú kí ọ̀pọ̀ ìyá má dé ibẹ̀. Ọ̀nà jìn, ọjọ́ abẹ́rẹ́ bọ́ sí ọjọ́ ọjà, a ti jágbe mọ́ ọn rí níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nítorí pé aṣọ ọmọ kò mọ́. Ti oṣù 15 ni a ń gbàgbé jù, nítorí pé nígbà náà ọmọ ti ń rìn, ìyá rẹ̀ ti padà sí ìdí òwò, kò sì sí ẹni tí ó tún ń pè é wá wọn ọmọ. Ìmọ̀ràn tí a fẹ́ gbé síwájú àwọn Ìgbìmọ̀ Ìjọ ni pé ní ọjọ́ ìsàmì, kí Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá kọ ọjọ́ ìbí ọmọ sínú ìwé kan, kí wọ́n ka oṣù 9 àti oṣù 15 síwájú, kí a sì máa kéde orúkọ àwọn tí ó kàn nígbà tí a bá ń kéde ìgbéyàwó. Kí àwọn onígbọ̀wọ́ sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kàn wọ́n. Ẹni tí ó bá ní kẹ̀kẹ́ tàbí ọkọ̀ lè gbé ìyá náà débẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni abẹ́rẹ́ wọ̀nyí ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá ti kọjá oṣù 15 láìgbà á, ọkùnrin tàbí obìnrin, kí ó má ṣe jókòó sílé nítorí ìtìjú. Kí ó mú káàdì ọmọ lọ, bí káàdì bá sì ti sọnù, kí ó mú ọmọ nìkan lọ.